Iyanrìn Òkun Lábẹ́ Ọ̀dà Fàdákà

Irin ń kú o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ pé ohun tó bá ti jẹ́ irin, títí ayé ni. Mo ti fi òòlù kan irin tó nípọn bí ìka mi, tí òòlù wọnú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn fi ìka gún ẹ̀kọ tútù, tí omi pupa sì ń ṣàn jáde. Iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe nìyẹn: kí n bó ìpẹtà kúrò lára irin àwọn elépo rọ̀bì, kí n sì fi ọ̀dà wọ̀ ọ́ láṣọ kó má baà kú láìtọ́jọ́.

Obìnrin ni mí, ọmọ Ipogun. Àwọn tó máa ń bi mí pé kí ni obìnrin ń wá nídìí irin, ohun tí ọkùnrin ń wá níbẹ̀ náà ni mo wá: oúnjẹ. Àwọn aṣáájú ọ̀dọ́ ní ìjọ wa ló ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ronú ohun tí ẹ ó fi ayé yín ṣe. Wọ́n ní kí n kọ ohun tó máa wú yín lórí. Màá gbìyànjú. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìbínú pamọ́ sábẹ́ ẹ̀rín. Àgbá irin kan wà nínú ìtàn yìí tí àwọn alágbára bà jẹ́, tí wọ́n sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru Táyọ̀, àbúrò mi kan ṣoṣo tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n. Nítorí orúkọ Táyọ̀ ni mo ṣe ń kọ̀wé. Mo ti sọ ọ́ báyìí o, kó má di pé ẹnì kan ní mo tan òun.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gba àlàyé púpọ̀. Mo parí ìwé mẹ́fà, owó tán, ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú mi lọ sí Àkúrẹ́, sí ọgbà kan lẹ́yìn Arakale níbi tí ọkùnrin kan ti ń fọ irin fún àwọn elépo. Owó tí wọ́n ń san kò tó nǹkan. Kò tó nǹkan títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ẹ ó bèèrè pé kí ló gbé irin elépo dé Àkúrẹ́ tí kò sí kànga epo kankan níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkun ni. Ní etí omi lọ́hùn-ún, iyọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá kun irin níbẹ̀ lónìí, ìpẹtà á máa bá ọ̀dà jìjàdù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi tírélà gbé àwọn páìpù àti àwọn àgbá ńláńlá wá sókè lọ́dọ̀ wa, níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ. Epo rọ̀bì fúnra rẹ̀ kì í jẹ irin tó bẹ́ẹ̀. Omi tó ń bá a jáde láti inú ilẹ̀ ni ọ̀tá, omi oníyọ̀ tí afẹ́fẹ́ burúkú wà nínú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ àgbá ló máa ń jókòó sí, á máa jẹ irin láti inú nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń dán. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Orúkọ tí gbogbo èèyàn mọ ọ̀gá mi sí ni Bàbá Oníyanrìn. Ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé ni, tó ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́, tó ń pe irin ní urin. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rín sì ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan irin ní gbogbo ọdún tí mo kọ́kọ́ dé. Iyanrìn ni mo ń fọ̀. Ọkọ̀ á kó iyanrìn wá láti odò Ọwẹ́nà, àwa ọmọ iṣẹ́ á fọ̀ ọ́, a ó sá a sórí páànù, a ó jọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ló máa ń fẹ́ iyanrìn yẹn gba inú rọ́bà jáde, tí á bó ìpẹtà dànù títí irin á fi funfun bí inú àgbọn. Ṣùgbọ́n kí iyanrìn tó wọ ẹ̀rọ, Bàbá Oníyanrìn á bù díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á fi ahọ́n kàn án. Àwa náà gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Àwọn tó ń kọjá lójú títì rò pé orí wa ò pé.

"Uyọ̀ bí eruku báyìí, uṣẹ́ ti bàjẹ́," ló máa ń wí. "Bí o bá kun ọ̀dà lé uyọ̀ lórí, o ti ilẹ̀kùn mọ́ olè nínú ulé rẹ nù-un."

Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó abala irin ńlá kan tán, ó ń tàn yanran, ó sì wù mí. Mo gbé ọwọ́ lé e bí ẹni fọwọ́ pa ọmọ lórí. Oòrùn ń mú, òógùn wà lọ́wọ́ mi. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àmì ọwọ́ mi ti yọ lára irin náà, gbogbo ìka pé, pupa rokoṣo. Bàbá Oníyanrìn ò pariwo. Ó pe gbogbo ọgbà jọ, ó ní kí n gbé ọwọ́ mi lé àmì náà kí wọ́n lè mọ ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n bó gbogbo irin náà látìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ojú ibi tí mo fọwọ́ kàn nìkan. Àwọn àgbà inú ọgbà bú mi bí ẹni láyin. Mo sunkún, mo ní ìkà ni bàbá yìí. Ìgbà tí mo wá mọ ìkà gan-an lẹ́yìn ọ̀la ni mo tó mọ̀ pé olùkọ́ ni.

Òfin rẹ̀ pọ̀. Irin tí a bá bó lónìí kò gbọdọ̀ fi ìhòòhò sùn. Ọ̀dà àkọ́kọ́ gbọdọ̀ wà lára rẹ̀ kí a tó lọ sílé. Bí òjò bá ṣú, a kì í bó irin rárá, bí ẹni tó gbé iṣẹ́ wá tilẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà tó ń han bí ẹyẹ. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọ̀dọ̀ wa, nítorí òróró ọwọ́ rẹ̀. Mo ti rí i tó da garawa ọ̀dà olówó ńlá nù nítorí pé ewé kan já sínú rẹ̀, tí ẹnì kan sì fọwọ́ yọ ọ́.

Nǹkan kan wà tí Bàbá Oníyanrìn náà ò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Aṣọ ìnuwọ́ la fi ń bo imú. Eruku iyanrìn yẹn máa ń jókòó sínú àyà, kì í jáde mọ́. Àwọn ọkùnrin tó ń di rọ́bà mú nígbà yẹn, mo lè dárúkọ wọn fún yín níkọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ ti gbà wọ́n, wọ́n ń húkọ́ lọ bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn elépo mọ̀ ọ́n nílẹ̀ wọn. Ìbòjú tó ní rọ́bà afẹ́fẹ́ tútù ti wà lọ́dọ̀ wọn tipẹ́ kí a tó fojú rí ọ̀kan. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá máa ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ béèrè ìbòjú kí ẹ tó béèrè owó oṣù.

Nígbà tí ẹsẹ̀ Bàbá Oníyanrìn ò gbé e mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ta ẹ̀rọ àti orúkọ ọgbà fún agbaṣẹ́ṣe kan ní Oǹdó. Ó kó gbogbo wa lọ síbẹ̀, ó sọ mí di olórí àwọn tó ń kun irin. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, kó má baà rò pé orúkọ rẹ̀ dùn lẹ́nu mi. Ẹlẹ́rìn-ín ni. Aṣọ funfun ló máa ń wọ̀ wá sínú ọgbà oníyanrìn, láti fi yé wa pé òun ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ọdún tó le ni. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba. A wà ní ilẹ̀ tó ń wa epo, a sì ń tò láti ìdájí ká tó rí epo mọ́tò rà. Ọ̀dà tó ń ti òkè òkun wá di ohun àwátì. Olùkọ́ ń wa ọ̀kadà, nọ́ọ̀sì ń ta búrẹ́dì. Ní àsìkò yẹn ni Táyọ̀ ríṣẹ́ ní ibùdó epo kan ní etí omi, gbogbo Ipogun sì bá wa yọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣí fáàfù ìsàlẹ̀ àgbá láràárọ̀ kí omi tó ti sọ̀kalẹ̀ lè ṣàn jáde.

Àgbá tí mò ń sọ yìí, èyí tí wọ́n fi ń ya epo, omi àti gáàsì sọ́tọ̀ ni. Láti ibùdó Táyọ̀ gan-an ni Múfú, dírẹ́bà wa tó jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti gbé e wá. Mo wọnú rẹ̀ pẹ̀lú iná, mo fi òòlù kàn án yíká. Òkè ń dún gbọnran. Ìsàlẹ̀, níbi tí fáàfù wà, ń dún bí ìgbá tó ti là. Mo jáde, mo sì rí iyanrìn tuntun tí Múfú ń já sílẹ̀ láti inú tírélà kan náà. Mo bù ú sẹ́nu, mo tu ú dànù.

Agbaṣẹ́ṣe dúró lábẹ́ ibòòji. Mo lọ bá a.

"Ọ̀gá, iyọ̀ wà nínú iyanrìn yìí. Iyanrìn etí òkun ni."

"Ìyá Bọ́sẹ̀, ṣé ẹ fẹ́ fi se ọbẹ̀ ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Tírélà ń bọ̀ níbí tẹ́lẹ̀, àyè sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ti Ọwẹ́nà ti wọ́n jù."

"Ìsàlẹ̀ àgbá yìí náà ti fẹ́lẹ́. Ó yẹ kí wẹ́dà gé e kúrò, kó lẹ irin tuntun mọ́ ọn."

"Irin tuntun dà? Ṣé ẹ ò mọ àsìkò tí a wà ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ló máa dúró tì í."

Ó wò mí títí, ó tún rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti ṣe wàhálà jù lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ lọ sinmi, ká ríra lọ́jọ́ Ajé."

Mo sọ fún un pé ọwọ́ mi ò ní kan àgbá náà pẹ̀lú iyanrìn yẹn. Mi ò mọ̀ pé ohun tó ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí èmi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kó àwọn tó ń tún ara mọ́tò ṣe wá láti ọgbà mẹkáníìkì, wọ́n sì fi iyanrìn oníyọ̀ yẹn bó àgbá náà. Nígbà tí mo máa dé lọ́jọ́ Ajé, àgbá ti wọ ọ̀dà fàdákà nínú lóde, ó ń dán bí ìyàwó tuntun. Ọ̀kan nínú wọn ṣì wà níbẹ̀, ó ń fọ ọwọ́, inú rẹ̀ sì ń dùn.

"Màmá, ẹ wo bó ṣe jọ̀lọ̀! Gbogbo ihò tó wà nísàlẹ̀ nínú yẹn, pọ́tì la fi dí i. Bí a ṣe máa ń ṣe mọ́tò náà ni."

Mi ò bínú sí ọmọ yẹn. Mọ́tò ló mọ̀. Ta ló sọ fún un pé gáàsì máa ń ti irin láti inú bí èrò tó fẹ́ já ilẹ̀kùn? Ẹni tó mọ̀ ni mo ń bínú sí. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o, ẹni tó sì fi itọ́ mọ ọ́n kì í gbé inú rẹ̀.

Ọ̀gá kan wá láti ilé iṣẹ́ epo láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ẹ̀rọ kékeré lọ́wọ́ tó ń sọ bí ọ̀dà ṣe nípọn tó. Ọ̀dà nípọn, ẹ̀rọ ò purọ́. Mo sọ fún un lójú gbogbo ọgbà pé kó ha ọ̀dà náà, kó wo abẹ́ rẹ̀. Ó wo agbaṣẹ́ṣe. Agbaṣẹ́ṣe ní, "Ìyá ọgbà wa nìyẹn, wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ jù." Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ọ̀gá fọwọ́ sí i, wọ́n sì jọ lọ jẹ iyán.

Mo di Múfú mú lẹ́bàá tírélà. Mo ní kó sọ fún Táyọ̀ pé àgbá yẹn ò dáa, kó má dúró ní ìdí rẹ̀. Múfú ò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Nígbà tó padà dé, ó wá mi rí kó tó jẹun.

"Mo jíṣẹ́, Ìyá Bọ́sẹ̀. Ó sì lọ bá ọ̀gá rẹ̀ lójú mi. Ọ̀gá ní wọ́n ti yẹ àgbá wò, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ó ní bí kò bá fẹ́ ṣe é, àwọn tó fẹ́ ṣe é pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà."

Ẹ gbọ́ ibẹ̀ yẹn dáadáa. Táyọ̀ sọ ọ́. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún wọn kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Òjò ọdún yẹn ò tíì dá nígbà tó ṣẹlẹ̀. Táyọ̀ ṣí fáàfù bó ṣe máa ń ṣe, irin tó yí fáàfù náà ká sì fà ya. Omi gbígbóná, epo àti gáàsì tú jáde lé e lórí, iná sì ràn. Ọmọ Ìlàjẹ kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Èbùn, sáré wọ inú rẹ̀ lọ fà á jáde. Ó fà á jáde o. Òun fúnra rẹ̀ ni iná mú. Èbùn kú kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn. Táyọ̀ pàdánù ojú kan, apá rẹ̀ méjèèjì sì bó.

Ilé ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́ ni wọ́n gbé e wá, níbẹ̀ náà sì ni àwọn ọkùnrin méjì láti ilé iṣẹ́ epo ti wá bá a pẹ̀lú ìwé. Ìwé náà ní àìkíyèsára Táyọ̀ ló fa iná, pé ó fi ipá ṣí fáàfù. Bó bá fọwọ́ sí i, wọ́n á máa tọ́jú rẹ̀ lọ. Bí kò bá fọwọ́ sí i, wọn á dá ìtọ́jú dúró, wọn á sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ nítorí ikú Èbùn. Mo wọlé bá wọn. Mo ní kí wọ́n jáde kí n tó fi bẹ́ẹ̀dì lé wọn. Táyọ̀ pè mí.

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ sí i. Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀."

"Ṣé ìwọ lo jẹ̀bi ni?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n èmi ni mo wà lórí ìkúnlẹ̀."

Àtàǹpàkò rẹ̀ nìkan ni kò sí nínú báńdéèjì. Òun ni wọ́n tẹ̀ sí i. Ó ní kí n má sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà yí ohùn padà lórí ìtọ́jú rẹ̀. Mo gbà nítorí rẹ̀, kì í ṣe nítorí tiwọn.

Mo lọ sílé agbaṣẹ́ṣe ní Oǹdó. Ó ní kí n jókòó, mi ò jókòó. Mo bi í pé kí ni mo máa sọ fún ìyá Èbùn.

"Ìyá Bọ́sẹ̀," ó mí kanlẹ̀, "ọdún le. Gbogbo wa la kàn ń dọ́gbọ́n sí i."

Ọdún le! Ta ni ọdún le fún? Bàbá Oníyanrìn ti jẹ gààrí mu omi sùn rí, kò bu iyanrìn òkun sínú ẹ̀rọ. Múfú ní ọmọ rẹpẹtẹ nílé, ó jíṣẹ́ tí mo rán an. Èbùn náà wà nínú ọdún kan náà pẹ̀lú wa, ó sáré wọ iná. Àwọn tí ọdún le fún gan-an ò dọ́gbọ́n kankan. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ara mi máa ń gbóná. Mo jáde nílé rẹ̀, mi ò sì padà sí ọgbà rẹ̀ mọ́. Ó ti joyè báyìí. Wọ́n máa ń fi í ṣe alága ìnáwó.

Mo bá àwọn mìíràn ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun èlò ti yí padà. Òkúta dúdú wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń bó irin báyìí, eruku rẹ̀ kò pọ̀ bíi ti iyanrìn. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ irin, tí á sọ iye iyọ̀ tó wà lára rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fi ahọ́n kan nǹkan kan mọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tó lè fi ipá mú èèyàn gba ohun tó bá sọ fún un. Iṣẹ́ yìí dáa, ẹ̀yin ọmọ mi, ó ní ẹ̀yẹ. Ẹ kọ́ ọ. Bí ọ̀gá yín bá ní kí ẹ lọ sinmi nígbà tí iṣẹ́ ò tíì parí, ẹ má lọ.

Táyọ̀ ń gbé ní Ìgbàrà-Òkè, ó ń sin adìyẹ. Nígbà Àjíǹde tó kọjá, mo lọ kí wọn. Mojí, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àyè láti lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Gbogbo wa jókòó ní ìta, mò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé yóò máa wọ bàtà ńlá bíi tèmi.

Mojí ní, "Màmá, ẹ má ṣèyọnu. Èmi á máa kíyè sára. Mi ò ní fi àìbìkítà pa ẹlẹgbẹ́ mi bíi ti Dádì."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìwọ̀sí. Ohun tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà ni, bí wọ́n ṣe ń sọ fún ọmọ pé kó má fi iná ṣeré. Ohun tó dun mí dé egungun ni pé Táyọ̀ mi orí. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Máa kíyè sára."

Mi ò lè gbà á mọ́ra. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí iyanrìn dé orí pọ́tì, láti orí iṣẹ́ tí Múfú jẹ́ dé orí àtàǹpàkò. Táyọ̀ ò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, Mojí yíjú sí i.

"Dádì, ṣé òótọ́ ni?"

Ojú rẹ̀ kan tó kù ti kún fún omi.

"Òótọ́ ni. Ó ti rẹ̀ mí, Mojí, láti máa tọrọ àforíjì ohun tí mi ò ṣe." Ó wá kọjú sí mi. "Àǹtí mi, ìwé tí ẹ ní ìjọ ní kí ẹ kọ yẹn, ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ orúkọ mi sí i gbangba."